Ṣé Ká Tún JAMB Ṣe ni, àbí Ká Dúró de Kọ́tọ́ọ̀fù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú kí ó lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rí òun. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Lọ́dọọdún tí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, púpọ̀ nínú àwọn àbúrò wa ni ó máa ń ṣe bí ọmọdé inú òwe yìí. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí ó fẹ́ kò ní í jókòó wo ohun tí ó fà á. Ohun tí àwọn ará ilé àti ará àdúgbò yóò wí ni yóò gbà á lọ́kàn, kíá ni yóò sì ti pinnu pé òun yóò tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò jókòó tẹtẹrẹ. Wọn a ní àwọn ń retí kọ́tọ́ọ̀fù, wọn a ní sikọ́láṣíìpù kan ń bọ̀ lọ́nà, títí tí ìforúkọsílẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò fi kọjá lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣì wà nílé nìkan. Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá níbi gbogbo, a kì í ṣàìrí àwọn tí ó ń bá wa jókòó ní kíláàsì, ṣùgbọ́n tí ìwé ìdánwò àtijọ́ ti JAMB wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Wọ́n wà níhìn-ín, wọn kò sì sí níhìn-ín. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó tọ́ kí a là ọ̀rọ̀ náà yé ara wa nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa: kí ni ìdánwò yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò kọ́tọ́ọ̀fù, níbo ni sikọ́láṣíìpù ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà wo sì ni ó tọ́ kí ènìyàn padà lọ jókòó ìdánwò?

IBI TÍ ÌDÁNWÒ NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Ṣáájú ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Nsukka ní 1960, Ifẹ̀, Èkó àti Sááríà ní 1962, Bìní sì tẹ̀lé wọn ní 1970. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní láti ra fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí orí bá ṣe é fún lè rí àyè sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó mú ọ̀kan, kí méjì yòókù sì ṣófo nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wá àyè kiri. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún fi yunifásítì méje mìíràn kún un ní 1975, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dá sí ọwọ́ oníkálùkù mọ́. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní 1978, láti máa ṣe ìdánwò kan ṣoṣo fún gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà ni ìdánwò yìí ti ń pa àwọ̀ dà. Ní 2005, nígbà tí Arábìnrin Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, a gba àwọn yunifásítì láyè láti máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí post-UTME lónìí. Ní 2010, a pa ti yunifásítì pọ̀ mọ́ ti àwọn pọlí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ó sì di UTME. Ní 2013 a bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà dán an wò. Nígbà tí ó fi di 2015, kò sí ti bébà mọ́. Ní 2017 ni ètò tí a ń pè ní CAPS dé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ti ń rí àyè tí wọ́n fún un, tí yóò sì sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, ìbéèrè 60 ni ó ní. Mẹ́ta yòókù ní ìbéèrè 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè 180 nìyẹn, wákàtí méjì sì ni a fi ń ṣe wọ́n. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, 400 sì ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: èsì yìí kì í ju ọdún kan lọ. Ẹni tí kò bá fi máàkì ọdún yìí wọlé kò lè gbé e dé ọdún tí ń bọ̀, bí ó tilẹ̀ gba 320. Nítorí náà, fún ẹni tí kò rí àyè rárá, kò sí pé yóò tún un ṣe tàbí kò ní í tún un ṣe. Dandan ni, àfi bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa bá wí jù ni ẹni tí ó ṣì ń dúró, àti ẹni tí ó rí àyè síbi tí kì í ṣe ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

ORÍṢIRÍṢI KỌ́TỌ́Ọ̀FÙ

Àṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn rò pé kọ́tọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ni ó wà. Mẹ́ta ni, ó kéré tán.

Èkíní ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Lọ́dọọdún ni JAMB àti àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n sì ń sọ máàkì tí yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ gba ohun tí ó kéré sí i. Ní 2024, 140 ni. Ní 2025, ó di 150. Ilẹ̀kùn ìta nìyí. Ẹni tí ó bá wọ ẹnu ilẹ̀kùn ìta kò tíì dé yàrá.

Èkejì ni ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè sọ pé ẹni tí kò bá gba 200 kò gbọdọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ òun, Yunifásítì Ìbàdàn sì jẹ́ àpẹẹrẹ irú wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń fò sókè fún ayọ̀ ṣáájú àkókò.

Ẹ̀kẹta, tí í ṣe ọ̀gá wọn, ni ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Èyí kì í jáde títí wọn yóò fi ṣe post-UTME tán, nítorí pé iye àyè tí ó wà àti bí àwọn tí ó fẹ́ ẹ ti ṣe dáadáa tó ni ó ń bí i. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ dájúdájú. Èyí tí a mọ̀ ni ti èṣí. Nínú àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí ó wà nílẹ̀ ni pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù láìwo ibi tí wọ́n ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ agbègbè tí yunifásítì náà wà. Ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ méjì fi lè ní máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọlé, kí èkejì má wọlé. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, a tilẹ̀ máa ń rí i kí wọ́n to ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi kọ́tọ́ọ̀fù ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn wọn ara rẹ̀, aṣọ aláṣọ ni ó ń wọ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ RẸ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí pé ìṣirò ni yóò sọ bóyá ó yẹ kí ènìyàn tún ìdánwò ṣe, àti èwo gan-an ni kí ó tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni ó ń pa máàkì pọ̀ sórí ọgọ́rùn-ún. Ní Ìbàdàn, wọ́n ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọn a fi 2 pín ti post-UTME, wọn a ro méjèèjì pọ̀. Ní Ifẹ̀, JAMB ní àádọ́ta, post-UTME ní 40, èsì ìdánwò àṣejáde girama ní 10. Ní Èkó, JAMB ní àádọ́ta, post-UTME ní 30, èsì girama ní 20. Bí mo ti mọ̀ ọ́n nìyí; kí olúkúlùkù yẹ ti ọdún tirẹ̀ wò, nítorí pé wọ́n lè yí i padà.

Ó dára. Ká ní Lágbájá gba 248 nínú JAMB, ó sì gba 64 nínú post-UTME ní Ìbàdàn. Bí a bá fi 8 pín 248, ó di 31. Bí a bá fi 2 pín 64, ó di 32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63. Kọ́tọ́ọ̀fù ẹ̀ka tí ó fẹ́ wá jáde, ó jẹ́ 66. Máàkì mẹ́ta péré ni ó fi já a. Lágbájá yóò sunkún, yóò sì ní òun yóò lọ kàwé fún JAMB bí ẹni tí ń ya wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kí ó tó lè fi JAMB nìkan rí mẹ́ta yìí, ó ní láti fi 24 kún máàkì rẹ̀, kí ó gba 272. Bí ó bá jẹ́ post-UTME ni, mẹ́fà péré ni yóò fi kún un, kí ó gba 70. Òtítọ́ ni pé yóò tún jókòó méjèèjì ní dandan, nítorí pé èsì JAMB ti kú. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti fi agbára rẹ̀ sí ni ìṣirò yìí ń fi hàn án. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi oṣù mẹ́fà kàwé fún JAMB, tí wọn a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì péré múra post-UTME.

Ká tún wo Tàmẹ̀dò, tí òun náà gba 248, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ lọ sí Èkó. Ó ní 31 láti ọ̀dọ̀ JAMB, ó sì gba 21 nínú 30 ti post-UTME. Nínú WAEC, C6 ni ó ní nínú iṣẹ́ márààrún tí wọ́n fẹ́. Ní Èkó, A1 ní máàkì 4, B2 ní 3.6, B3 ní 3.2, C4 ní 2.8, C5 ní 2.4, C6 ní 2. Nítorí náà máàkì 10 ni WAEC fún un, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 62. Bí ó bá jẹ́ B3 ni ó ní nínú márààrún, 16 ni ì bá ní, àpapọ̀ rẹ̀ ì bá sì jẹ́ 68. Mẹ́fà ni ó fi yàtọ̀. Kí Tàmẹ̀dò tó lè rí mẹ́fà yẹn nínú JAMB, ó ní láti fi 48 kún 248, kí ó di 296! Ẹ ò rí i pé WAEC ni ó yẹ kí Tàmẹ̀dò tún ṣe, kì í ṣe JAMB tí ó ń pariwo rẹ̀? Èsì WAEC kì í sì í kú lẹ́yìn ọdún kan. Kí ó ṣáà kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ ń gba èsì ìjókòó méjì tàbí ẹyọ kan.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Máàkì kì í ti ojú kan ṣoṣo wá.

Ó sì yẹ kí a rántí pé kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni ó ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ní May 2025, lẹ́yìn tí èsì jáde tí ariwo sì sọ, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà ní ibùdó 157: 65 ní Èkó, 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèédé, tí ó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà náà, sunkún ní gbangba bí ó ti ń tọrọ àforíjì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí máàkì ènìyàn bá jìnnà réré sí bí ó ti mọ ara rẹ̀ sí, kí ó kọ́kọ́ wádìí kí ó tó pe ara rẹ̀ ní olódo.

ỌWỌ́ WO NI SIKỌ́LÁṢÍÌPÙ FI KAN Ọ̀RỌ̀ NÁÀ?

A máa ń gbọ́ kí ọmọ sọ pé òun fẹ́ tún JAMB ṣe kí máàkì òun lè tó ti sikọ́láṣíìpù. Ẹlòmíràn ní òun kò ní í gba àyè tí wọ́n fún òun títí òun yóò fi mọ̀ bóyá sikọ́láṣíìpù bọ́ sí i. Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oríṣi kan wà tí ó ń wo máàkì àbáwọlé. Irú wọn kò pọ̀, àwọn tí ó sì wà ń mú ìwọ̀nba ènìyàn tí máàkì wọn ga jù. Oríṣi kejì, tí ó pọ̀ jù, kì í wo JAMB rárá. Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn tí ó wọlé ni ó ń wò. Fún àpẹẹrẹ, sikọ́láṣíìpù MTN Foundation fún àwọn onísáyẹ́ǹsì, àwọn tí ó ti dé ọdún kẹta tí CGPA wọn kò sì dín ní 3.5 nínú 5 ni ó wà fún. Oríṣi kẹta ni owó ìrànwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, tí ó ń wo ìpínlẹ̀ ènìyàn tàbí ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́. Ní October 2021, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, kéde ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba. Àwọn tí ó ń kọ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yóò rántí bí inú wọn ti dùn tó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í ṣe owó, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìkéde yan ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, NELFUND, kì í ṣe sikọ́láṣíìpù. Gbèsè ni, ṣùgbọ́n kò ní èlé. Òfin rẹ̀ di fífọwọ́sí ní April 2024. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì ìjọba, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ òòjọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò sí èyí tí ó wà fún ẹni tí ó jókòó sílé. Wọn yóò béèrè ìwé ìgbaniwọlé; púpọ̀ yóò béèrè nọ́ḿbà mátíríkì; àwọn mìíràn yóò béèrè èsì ọdún kìíní. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ àyè tí ó tọ́ sí i nítorí pé ó ń retí sikọ́láṣíìpù ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò lè béèrè fún un. Àwọn baba wa ní àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Àgbójúlé-sikọ́láṣíìpù kò yàtọ̀ sí i.

Bí sikọ́láṣíìpù bá jẹ́ èyí tí ó ń wo máàkì àbáwọlé lóòótọ́, tí kọ́tọ́ọ̀fù rẹ̀ kò sì tíì jáde, ìṣirò tí a ṣe lókè náà ni kí a ṣe. Kí ènìyàn wo èyí tí wọ́n mú lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Bí máàkì tirẹ̀ bá ti wọ àárín wọn, kí ó dúró. Bí ó bá jìnnà sí wọn ní ogójì tàbí àádọ́ta, kí ó gba àyè rẹ̀, kí ó wọlé, kí ó sì dojú kọ oríṣi kejì tí ó ń wo CGPA. Ọdún kan tí a fi lé sikọ́láṣíìpù kan tún jẹ́ ọdún kan tí a kò fi gba owó iṣẹ́ lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹni tí ó bá ń ka owó, kí ó ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

ÌGBÀ ÀTI OWÓ

Ohun tí ó ń kó àwọn tí ń dúró sí wàhálà ni pé kàlẹ́ńdà méjì ni ó ń rìn pọ̀. Ní 2025, ìforúkọsílẹ̀ JAMB bẹ̀rẹ̀ ní 3 February, ó parí ní 8 March. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní 24 April. Èsì jáde ní 9 May. Lẹ́yìn èyí ni post-UTME, lẹ́yìn náà ni orúkọ ìpele kìíní, ìpele kejì, àti ti àfikún. Ó lè falẹ̀ títí di òpin ọdún, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí kí ó wọ ọdún tuntun. Kí ọmọ tí ń retí orúkọ àfikún tó mọ ibi tí òun wà, fọ́ọ̀mù ọdún kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tàbí kí ó ti dé.

Ní ọdún 2025 yìí kan náà, ₦7,200 ni ẹni tí kò ṣe ti ìdánrawò san. Bí owó yìí bá wà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹni tí ń dúró fi orúkọ sílẹ̀ kí ó má baà pàdánù méjèèjì. Fífi orúkọ sílẹ̀ kò ní kí ó kọ àyè tí ó bá dé lẹ́yìn náà. Ìwọ̀nyí ni mo lè pè ní ohun tí a fi ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ó fi orúkọ sílẹ̀ kí ó má kàwé, nítorí pé ó ń retí orúkọ àfikún. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà nínú yunifásítì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ òfin. JAMB kò sọ pé ó di ẹ̀ṣẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún jókòó ìdánwò; ohun tí wọ́n ní ni pé kí ó sọ pé òun ti ní ibìkan. Kò sí ẹni tí ó lè di àyè méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gba tuntun, ti àtijọ́ ti bọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì ti yá owó NELFUND fún ọdún tí ó lò ní ibi àkọ́kọ́, gbèsè náà kò bá mátíríkì àtijọ́ lọ. Ọrùn ẹni tí ó yá a ni ó wà.

ÀWA TÍ WỌ́N FÚN NÍ YORÙBÁ

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí á má purọ́ fún ara wa: púpọ̀ nínú wa kọ́ ni ó kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù. Lọ́ọ̀ ni a kọ, tàbí iṣẹ́ ìròyìn, tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́tọ́ọ̀fù jáde, ó jù wá lọ díẹ̀, wọ́n sì ní kí á wá gba Yorùbá. Láti ìgbà tí CAPS ti dé, àwa fúnra wa ni a tẹ ẹ́ pé a gbà, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn kan kò gbà títí di òní. Ṣé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún JAMB ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á ka ọdún. Ẹni tí ó wà ní ọdún kìíní Yorùbá, tí ó tún JAMB ṣe, tí ó sì bọ́ sí Lọ́ọ̀, yóò lo ọdún kan tí ó ti lò, pẹ̀lú ọdún márùn-ún ti Lọ́ọ̀, mẹ́fà nìyẹn. Èyí jẹ́ bí ó bá rí i gbà ní ìgbà kìíní. Bí ó bá jẹ́ ìgbà kẹta ni ó tó rí i, ó ti di mẹ́jọ. Ẹni tí ó parí Yorùbá ní ọdún mẹ́rin, tí ó sì fi dìgírì rẹ̀ wọ ọdún kejì Lọ́ọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbà á, yóò lo mẹ́jọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n dìgírì méjì ni yóò ní, yóò sì ti lè ṣiṣẹ́ láàárín. Ọ̀nà kẹta tún wà: àwọn yunifásítì kan ń gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí CGPA rẹ̀ dára bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́yìn ọdún kìíní. Ẹ wò ó pé nínú ọ̀nà méjì ìkẹ́yìn yìí, iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe dáadáa nínú Yorùbá ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ó ń pa kíláàsì jẹ nítorí pé ó ń ka ìwé JAMB ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, sikọ́láṣíìpù tí ń wo CGPA sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kò yẹ kí á sì rò pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ kọ́ ni òpin ọ̀nà rẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́ èdè Faransé ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀gá nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ́ ìtàn nínú dìgírì rẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó tó di olùkọ́ àgbà nínú ìmọ̀ Ifá, ó sì jẹ́ gíwá yunifásítì ní Ifẹ̀ láti 1982 títí di 1989. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè ti ibòmíràn bọ́ sí Yorùbá, ẹni tí ó ti ibi Yorùbá bọ́ sí ibòmíràn kò ṣe ohun àjèjì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan wà tí ó tọ́ kí wọ́n lọ. Ẹni tí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ìṣègùn ni òun fẹ́ ṣe, tí fisíìsì àti kẹ́mísírì rẹ̀ sì dára, kò sí dìgírì Yorùbá tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Kí ó tètè lọ ní ọdún kìíní, kí ó má jókòó dé ọdún kẹta kí ó tó rántí. Ẹni tí ó dúró nítorí ìtìjú nìkan, tí ó ń kọ́ Yorùbá bí ẹni ń jẹ iyán àná láìsí ọbẹ̀, ń ṣe ara rẹ̀ níbi, ó sì ń ṣe àwọn olùkọ́ wa níbi, nítorí pé àwọn olùkọ́ mọ iṣẹ́ tí a fi ọkàn ṣe àti èyí tí a kò fi ọkàn ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n má máa wo ẹni tí ó bá béèrè nípa bíbọ́ sí ẹ̀ka mìíràn bí ọ̀dàlẹ̀. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá pe àwọn ọmọ tuntun jọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí fún wọn ní gbangba, àwọn tí yóò lọ yóò tètè lọ, àwọn tí yóò dúró yóò sì dúró tọkàntọkàn.

Ìbéèrè márùn-ún péré ni mo fi lé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Èkíní: máàkì mélòó gan-an ni mo fi já kọ́tọ́ọ̀fù mi, tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn? Èkejì: ṣé JAMB, post-UTME tàbí WAEC ni ó jẹ mí? Ẹ̀kẹta: kí ni n óò ṣe lọ́dún yìí tí n kò ṣe lọ́dún tó kọjá? Ẹ̀kẹrin: sikọ́láṣíìpù tí mo ń retí, ṣé ẹni tí ó wà nílé ni ó wà fún, àbí ẹni tí ó ti wọlé? Ẹ̀karùn-ún: ṣé ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́, àbí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí márààrún, kí ó tẹ̀ síwájú, ì báà jẹ́ pé ó padà sí gbọ̀ngàn ìdánwò, ì báà jẹ́ pé ó dúró síbi tí ó wà. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, kí ó má tíì ra fọ́ọ̀mù. Ohun tí ó ṣe lèṣí náà ni yóò tún lọ ṣe, ohun tí ó gbà lèṣí náà ni yóò sì tún gbà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí kọ́tọ́ọ̀fù wa má ju agbára wa lọ. Àṣẹ.